Corolla, Yaris tàbí Picanto: ọkọ̀ wo ló yẹ ẹni tó ń ti Mówè lọ Ìkẹjà lójoojúmọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí. Mówè ni mò ń gbé, Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àlọ àti àbọ̀ mi tó kìlómítà 70 lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù a máa ń lọ sílé ní Ìlá Ọ̀ràngún: èmi, ọkọ mi, ọmọ méjì, àti ìyá mi tí ẹ̀yìn ń dùn. Mo ti rí ọkọ̀ tòkunbọ̀ mẹ́ta tí owó wa lè ká: Toyota Corolla 2008, Toyota Yaris 2008 tó ní búùtù, àti Kia Picanto 2008. Ọ̀tọmátíìkì ni gbogbo wọn. Ọkọ mi ní Picanto ni ká rà nítorí owó epo. Màámi ní òun ò ní wọ ọkọ̀ tó máa já òun ní ìbàdí. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ilé, olùkọ́ wa, ẹ sì bá mi kí Màámi. Corolla ni kí ẹ rà, bí ẹ bá rí èyí tí ara rẹ̀ dá. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ torí pé Corolla lorúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù. Ọ̀nà tí ẹ ń rìn àti àwọn tí ẹ ń gbé ni mo wò. Ẹni tó bá ń gbé Ògbà, tó ń dá wa ara rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà, Yaris ni màá ní kó rà. Torí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe rò ó, kí bàálé yín náà lè bá wa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀rù epo tó ń ba bàálé yín tọ́ sí i. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà kan kò tó ₦200. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti ń lọ sí bíi ₦1,000 nílé epo. Ẹni tó ń rìn bí ẹ ṣe ń rìn kò lè fojú kéré lítà kan. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé láàárín Corolla àti Yaris, lítà tó wà níbẹ̀ kò pọ̀ tó bí àwọn èèyàn ṣe ń pariwo rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ti ń wá, àjọ ìjọba kan wà tí wọ́n ń pè ní EPA. Àwọn ló máa ń kéde bí ọkọ̀ tuntun kọ̀ọ̀kan ṣe ń mu epo. Ohun tí wọ́n kọ fún Corolla 2008 ọ̀tọmátíìkì ni máìlì 26 lórí gálọ́ọ̀nù kan nínú ìlú, máìlì 35 lójú márosẹ̀. Fún Yaris 2008 ọ̀tọmátíìkì, 29 nínú ìlú, 35 lójú márosẹ̀. Tí a bá yí i sí lítà àti kìlómítà tí a mọ̀, Corolla á mu bíi lítà 9 kó tó rin kìlómítà 100 nínú ìlú, Yaris á mu 8.1. Lójú márosẹ̀, àwọn méjèèjì á mu 6.7.

Ẹ tún ti márosẹ̀ yẹn kà. Iye kan náà ni. Títóbi ẹ́ńjìnnì Yaris jẹ́ lítà 1.5, ti Corolla jẹ́ 1.8, Corolla sì fi ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún kílò wúwo ju Yaris lọ. Ìwúwo yẹn máa ń gba epo nígbà tí ọkọ̀ bá ń dúró, tó tún ń ṣí. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ búréèkì, agbára tí ẹ ti fi epo rà ló ń di ooru lára búréèkì, ẹ ó sì tún fi epo ra òmíràn kí ọkọ̀ tó ṣí. Ọkọ̀ tó wúwo ló ń rà jù. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti ń lọ geere, afẹ́fẹ́ ló ń bá jà jù lọ. Ìwúwo rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ti yín ṣírò. Kìlómítà 70 lójúmọ́, bí ọjọ́ iṣẹ́ bá jẹ́ 22 lóṣù, 1,540 nìyẹn. Ẹ fi bíi 460 kún un fún àlọ àti àbọ̀ Ìlá, ó di 2,000. Ká tiẹ̀ ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni ọ̀nà Mówè sí Ìkẹjà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí a ò ka àwọn ibi tí ọ̀nà ti máa ń já gaara kí ẹ tó dé Bẹ́gà, epo tí Yaris máa bá yín tọ́jú lóṣù kò ju lítà 14 tàbí 15 lọ. Bó bá jẹ́ iye tí EPA ropọ̀ fún ìlú àti márosẹ̀ la lò, ìyẹn 29 fún Corolla àti 31 fún Yaris, lítà mẹ́wàá péré ni. Ní ₦1,000 fún lítà kan, owó náà wà láàárín ₦10,000 sí ₦15,000 lóṣù. Owó ni, mi ò ní kì í ṣe owó. Àmọ́ òun náà ni gbogbo ohun tí ẹ máa san lórí epo kí gbogbo ilé lè jókòó dáadáa.

Ẹ mọ̀ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó burú ju èyí tí wọ́n fi ṣe ìdánwò ní Amẹ́ríkà lọ. Ọkọ̀ méjèèjì ló máa mu ju iye inú ìwé lọ. Ọkọ̀ tó dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tí AC sì wà lórí, lè mu tó lítà kan láàárín wákàtí kan láìtíì rin ẹsẹ̀ bàtà kan. Nítorí náà, àlàfo tó wà láàárín àwọn ọkọ̀ yìí ni kí ẹ máa wò, ẹ má fi iye inú ìwé bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Picanto ńkọ́? EPA kò wọn tirẹ̀ torí Kia kò tà á ní Amẹ́ríkà. Èyí tó jẹ́ 2008 ní ẹ́ńjìnnì 1.1, agbára ẹṣin 65. Ti Yaris jẹ́ 106, ti Corolla jẹ́ 126. Gbogbo ara Picanto kò tó tọ́ọ̀nù kan. Bí ẹ bá dá wà nínú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ní Bẹ́gà, kò sí èyí tó lè bá a figagbága nínú àwọn méjì tó kù. Bàálé yín kò ṣìnà níbẹ̀ rárá.

Ọjọ́ Ìlá ni ọ̀rọ̀ máa ń yí padà. Àgbàlagbà mẹ́ta, ọmọ méjì, báàgì, iṣu àti epo pupa tí ẹ máa kó bọ̀, gbogbo rẹ̀ lè tó 350 kílò. Ìyẹn ju ìdá mẹ́ta ìwọ̀n Picanto fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ wá tan AC sí i, kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀ á gba ìpín tirẹ̀ nínú ẹṣin 65 yẹn. Bí ẹ bá kan òkè, gíà á já sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ẹ ó máa tẹná títí ẹsẹ̀ yín á fi kan ilẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kékeré tí a bá ń wà nípa bẹ́ẹ̀ kì í ṣọ́ epo jẹ mọ́. Gbogbo èrè tó ti jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Kò sì ní fẹ́ kọjá ọkọ̀ àjàgbé lójú ọ̀nà tí kò gbà ju ọkọ̀ méjì lọ, èyí sì kan ẹ̀mí ju epo lọ. Ohun kan tún wà: bẹ́líìtì rọ́bà ló ń yí orí ẹ́ńjìnnì 1.1 yẹn. Ó ní ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ra tòkunbọ̀ kò sì lè mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, àfi kó pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tó gbé ọkọ̀ délé. Ṣéènì irin ni ti Corolla àti Yaris, kì í yọ yín lẹ́nu bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò.

Ó wá ku ẹ̀yìn Màámi, òun ni mo sì kà sí jù nínú ìbéèrè yín.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń mú kí ọkọ̀ kékeré máa gbé èèyàn jù sókè sódò ni àlàfo láàárín táyà iwájú àti táyà ẹ̀yìn. Ti Corolla jẹ́ mítà 2.60. Ti Yaris tó ní búùtù jẹ́ 2.55. Èyí tí kò ní búùtù jẹ́ 2.46. Ti Picanto jẹ́ 2.37. Bí àlàfo yìí bá kúrú, kété tí táyà iwájú bá jáde nínú kòtò ni ti ẹ̀yìn á wọ̀ ọ́, orí ọkọ̀ á sì máa mì bíi ti alángbá. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ló ń jìyà rẹ̀ jù, torí nínú ọkọ̀ kúkúrú, àga ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí táyà gan-an. Láàárín Yaris onibúùtù àti Corolla, ìyàtọ̀ yìí kéré. Láàárín Picanto àti Corolla, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára kí ẹ tó jáde ní Ìbàdàn.

Ohun kejì, ẹ lè fojú ara yín kà á lára táyà. Lára Corolla 2008, ẹ máa bá 195/65R15. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé fífẹ̀ táyà jẹ́ mílímítà 195, gíga rọ́bà láti rímù dé ibi tó kan títì sì jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn. Mílímítà 127 nìyẹn. Yaris tó bá lo 185/60R15 ní 111. Picanto tó bá lo 165/60R14 ní 99. Rọ́bà àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gba kòtò kí ṣọ́kì tó gbà á, kí àga tó gbà á, kó tó kan eegun ẹ̀yìn Màámi. Bí ẹ bá rí Corolla tí wọ́n ti wọ rímù 17 fún kó lè rẹwà, rọ́bà rẹ̀ á ti di pẹlẹbẹ. Ẹ ní kí wọ́n dá ojúlówó rímù rẹ̀ padà, tàbí kí ẹ fi sílẹ̀. Rímù ńlá wúwo, ó ń mu epo, ó sì ń fọ́ bí ó bá kan etí kòtò.

Ní ti igi abẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn, bákan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: igi kan ṣoṣo ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Bí ọ̀tún bá wọ kòtò, òsì á gbọ́ sí i. Honda Civic ọdún 2006 sí 2011 ni ti ẹ̀yìn rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì jókòó dáadáa lórí títì tó tẹ́jú. Iye epo tí EPA ropọ̀ fún Civic 2008 ọ̀tọmátíìkì jẹ́ 29, bíi ti Corolla gẹ́lẹ́. Mi ò fi kún àwọn tí ẹ kà torí ó sún mọ́lẹ̀, àdúgbò tí kò ní ọ̀dà máa ń nà án lábẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì àwọn kan lára èyí tó jáde láti 2006 títí dé ìbẹ̀rẹ̀ 2009 máa ń sán, omi á sì máa jò. Honda fúnra wọn fi ọdún kún wáràńtì rẹ̀ nítorí ẹ̀.

Ibì kan wà tí Corolla ti pàdánù, mi ò sì fẹ́ fi pa mọ́ fún yín. Àga rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ti Picanto ga díẹ̀, àgbàlagbà lè wọlé láìtẹ̀ jù. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn máa ń ní wàhálà méjì nínú ọkọ̀, ọ̀kan nígbà tó bá ń wọlé tàbí jáde, èkejì nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Corolla á jẹ ẹ́ níyà lórí ti àkọ́kọ́, á sì tù ú nínú lórí èkejì. Wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin ni ti èkejì, ìṣẹ́jú kan ni ti àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi gbè sẹ́yìn Corolla. Iwájú ni kí ẹ jẹ́ kí Màámi máa jókòó, ibẹ̀ kì í mì tó ẹ̀yìn. Ẹ fa àga náà sẹ́yìn pátápátá kí wọ́n tó wọlé. Kí wọ́n fi ìdí jókòó tẹ̀gbẹ́tẹ̀gbẹ́ ná, kí ẹsẹ̀ méjèèjì ṣì wà nílẹ̀ níta, lẹ́yìn náà kí wọ́n yí ẹsẹ̀ wọlé pa pọ̀. Ẹ fi aṣọ ìnura tí ẹ ká sí ìbàdí wọn. Bọ́ọ̀dù àga Toyota àtijọ́ wọ̀nyí kò ti ìbàdí tó.

Bí wọ́n bá sì ní àwọn ò lè wọ ibi tó lọ sílẹ̀ rárá, ẹ wá Toyota Matrix láàárín 2003 sí 2008. Ẹ́ńjìnnì 1.8 kan náà ni pẹ̀lú Corolla, àlàfo táyà rẹ̀ náà jẹ́ mítà 2.60, ṣùgbọ́n àga rẹ̀ ga sókè. Ó fi díẹ̀ mu epo ju Corolla lọ torí ó ga, afẹ́fẹ́ ń rí i mú. Pontiac Vibe ti àwọn ọdún yẹn àti òun, ọmọ ìyá ni wọ́n. Àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ wá Vibe, torí náà nígbà míì owó rẹ̀ máa ń rọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì kan náà ni wọ́n jọ ń lò.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀, ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá ni mo fi ń ṣàpẹẹrẹ. Ọkọ̀ tó ti lo ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ọwọ́ tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ lè mú kí ó mu epo ju bí orúkọ rẹ̀ ṣe jẹ́ lọ. Mo ti rí Corolla tó ń mu epo bíi jíìpù, mo sì ti rí Yaris bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀, ọwọ́ àwa mẹkáníìkì ló ti ń wá, ó sì ń dùn mí.

Bí ọkọ̀ bá gbóná jù lẹ́ẹ̀kan, dípò ká wá ìdí rẹ̀, ọ̀pọ̀ wa á kàn yọ tẹmósítáàtì sọnù. Tẹmósítáàtì ni ilẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, nǹkan bíi 82 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì nínú Corolla yìí, kó tó jẹ́ kí omi lọ sínú rédíétọ̀. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, omi tútù á máa yí ká láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kò ní gbóná tó, ní pàtàkì lójú márosẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i. Brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, á rò pé ṣe ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọkọ̀, á máa tú epo sí i bí ẹni pé òwúrọ̀ kùtùkùtù ni. Ọ́ìlì kò ní ṣàn dáadáa, gíà ọ̀tọmátíìkì náà kò ní tètè dìmú sí ipò tó ń ṣọ́ epo. Ẹni tó ni ín á wá sọ pé "Corolla ń mu epo".

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí. Ẹ gbé Corolla náà jáde sójú márosẹ̀, ẹ wo abẹ́rẹ́ ooru lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó yẹ kó gòkè wá sí ìsàlẹ̀ àárín díẹ̀, kó sì dúró síbẹ̀ pin, ẹ báà sáré, ẹ báà dúró. Bó bá ń wálẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sáré, tó tún ń gòkè nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, wọ́n ti yọ tẹmósítáàtì. Kò sí abẹ́rẹ́ yìí nínú Yaris, iná ló ní: aláwọ̀ búlúù fún òtútù, pupa fún gbígbóná jù. Bí búlúù yẹn bá pẹ́ lórí jù tàbí tó ń padà wá lójú márosẹ̀, ohun kan náà ló ń sọ. Èmi kò fẹ́ràn pé Yaris kò ní abẹ́rẹ́. Nígbà tí iná pupa bá fi máa tàn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ooru ti débi tí kò yẹ kó dé.

Ṣíṣí kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ fara balẹ̀ wò tẹ̀ lé e. Kí ẹ tó sítáàtì, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù máa tàn. Iná "check engine" gbọ́dọ̀ wà lára wọn, kó sì kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti ṣiṣẹ́. Bí kò bá tàn rárá, wọ́n ti fi ohun kan pa á. Ẹ mú ẹni tó ní ẹ̀rọ sìkáànù dání, ojúlówó rewáyà máa ń ní in. Kó wò ó lẹ́yìn tí ẹ bá ti wà á jìnnà díẹ̀, kì í ṣe kí ẹ tó wà á, torí pé ẹni tó ń tà á lè ti nù ún kúrò kí ẹ tó dé. Ohun tí mo fẹ́ kó wá ni sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà lára sàlẹ́ńsà àti sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn filter. Bí èyíkéyìí nínú méjèèjì bá ń parọ́ fún brain box, epo tí ẹ máa fi ṣòfò lóṣù á ju lítà mẹ́wàá tí à ń jiyàn lé lórí lọ fíìfíì. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ náà. Wọ́n máa ń gé catalyst, ìyẹn ẹ̀yà tó ń fọ èéfín lára sàlẹ́ńsà, tà, wọ́n á fi páìpù lásán jó o padà. Ẹ máa mọ̀ ọ́n lójú jíjó rẹ̀ àti bí ọkọ̀ ṣe ń ké.

Lára gíà Corolla yìí, bọ́tìnnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ gíà. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, "O/D OFF" á hàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ kò sì ní wọ gíà kẹrin. Àwọn kan ti ń wà á bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Kò sóhun tó dára nínú rẹ̀ lójú márosẹ̀.

Búréèkì tó ń di táyà mú tún wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wà á, ẹ na ọwọ́ sún mọ́ rímù kọ̀ọ̀kan, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí tí ooru rẹ̀ bá yàtọ̀ pátápátá sí ẹnìkejì rẹ̀, búréèkì ibẹ̀ ń di mú, ẹ sì ń fi epo jà á.

Ní ti ìdẹ̀ra, ṣọ́kì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ra ọkọ̀. Ẹ tẹ orí búùtù mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára yín, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ lójijì. Ó yẹ kó gòkè lẹ́ẹ̀kan kó sì dúró. Bó bá tún ń jó, ó ti kú. Ẹ jọ̀ọ́, tuntun ni kí ẹ rà, ẹ má ra Belgium. Mo máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn láti ra ẹ́ńjìnnì tàbí gíà Belgium ní Ládípọ̀ nígbà míì, torí pé ojúlówó ni. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì àti rọ́bà inú ṣọ́kì máa ń gbó bí ọkọ̀ ṣe ń rìn, èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ òyìnbó ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ tán. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ pààrọ̀, pẹ̀lú bọ́ṣì tó wà lápá iwájú. Corolla tí ṣọ́kì rẹ̀ kú kò sàn ju Picanto tí ti ẹ̀ pé lọ, Màámi á sì jẹ́rìí sí i.

Ẹ sì kìlọ̀ fún vọkanáísà. Wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n fẹ́ táyà lé sí 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye tó yẹ wà lára ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà. Bó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó fi epo ṣòfò. Bó bá pọ̀ jù, táyà á le bí òkúta, gbogbo ohun tí mo sọ nípa mílímítà 127 yẹn á sì já sí asán.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ san owó, ẹ mú Màámi dání. Kí wọ́n wọlé, kí wọ́n jáde, kí ẹ gbé wọn yí àdúgbò kan tí ọ̀nà rẹ̀ kò dára. Kò sí ohun tí èmi tàbí EPA lè kọ tó lè rọ́pò ìyẹn. Bí Yaris onibúùtù tí ẹ rí bá mọ́ ju Corolla tí ẹ rí lọ, tí Màámi sì ní ó tu àwọn lára, ẹ mú Yaris, ẹ má wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàtọ̀ àárín wọn kéré ju ìyàtọ̀ àárín ọkọ̀ tó dá àti èyí tó ti bàjẹ́ lọ.

Tí ẹ bá ti rà á, ẹ wọn bó ṣe ń mu epo fúnra yín. Ẹ kún táńkì ní ilé epo kan títí ẹnu rẹ̀ á fi já fúnra rẹ̀, ẹ tẹ òǹkà ìrìn padà sí òdo, ẹ wà á fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì padà lọ kún un níbi ẹ̀rọ kan náà. Lítà tó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì ni ẹ ti lò. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ni òǹkà rẹ̀ ń kà. Máìlì kan jẹ́ kìlómítà 1.609. Ẹni tí òǹkà rẹ̀ kọ 186, tó ra lítà 27, lè rò pé kìlómítà 186 lòun rìn, kó máa sunkún pé ọkọ̀ òun ń mu lítà 14.5 lórí 100. Kìlómítà 299 ló rìn ní tòótọ́. Lítà 9 ni ọkọ̀ rẹ̀ ń mu, ara rẹ̀ sì dá ṣáká.

Bí Corolla yín bá ń mu láàárín 9 sí 10.5 lọ́nà Mówè sí Ìkẹjà pẹ̀lú AC, ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun. Bó bá kọjá 12, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti tẹmósítáàtì, kí ẹ tó kan sẹ́ńsọ̀ méjèèjì, plọ́ọ̀gì, búréèkì àti alignment. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni tú ẹ́ńjìnnì tàbí kó pààrọ̀ brain box kí ẹ tó tẹ̀ lé e dé òpin ètò yẹn.